Kí ló dé tí fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì kò fi gba àmì orí orúkọ wa?

Bí àkókò ìsinmi bá ti ń sún mọ́lé, tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà ní London, Houston tàbí Toronto bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ kí àwọn ìyá àgbà nílé, ohun kan wà tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú yín. Ẹ ó tẹ orúkọ yín sínú fọ́ọ̀mù bí ìyá yín ṣe kọ́ yín láti kọ ọ́, pẹ̀lú àmì orí àti àmì abẹ́ rẹ̀: Ṣẹ́gun, Ọláyínká, Ẹ̀bùn. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pupa yóò yọ lábẹ́ rẹ̀ pé orúkọ náà kò tọ̀nà, kí ẹ tẹ orúkọ tó tọ̀nà.

Orúkọ tí gbogbo ẹbí péjọ sọ lọ́jọ́ ìkómọ ni ẹ̀rọ ń pè ní èyí tí kò tọ̀nà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Yorùbá, pé àwọn òyìnbó tó ṣe é kò rántí wa. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ìlànà tó lè gbé gbogbo àmì èdè Yorùbá ti wà nílẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ṣe é ti ṣe é. Ibi tí ọ̀rọ̀ há sí ni àárín ìgbìmọ̀ náà àti àwọn tó yẹ kí wọ́n fi ìlànà náà ṣiṣẹ́: àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà fún báǹkì, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, ilé ìwé àti ọ́fíìsì ìjọba. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ há sí, ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ ni yóò máa kàn.

Ìgbìmọ̀ wo ni?

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà rárá, nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Bí ẹ bá tẹ A, nọ́ńbà 65 ló ń tọ́jú. Láyé àtijọ́, iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní tábìlì nọ́ńbà tirẹ̀. Ohun tí a bá kọ níbí lè di ìranù bí ó bá dé orí ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá Unicode Consortium sílẹ̀ ní California ní oṣù kìíní ọdún 1991, kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ayé lè ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá bíi Apple, Google àti Microsoft ń san owó láti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n sì ní ìbò nínú ìgbìmọ̀ náà.

Nínú tábìlì yìí, ẹ ni 7865, ọ ni 7885, ṣ sì ni 7779. Lẹ́tà bíi á, à, é àti è ní nọ́ńbà tiwọn, nítorí pé àwọn ará Yúróòpù náà ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà tiwọn. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ẹ́, nọ́ńbà méjì ni kọ̀ǹpútà yóò tọ́jú: 7865 fún ẹ, lẹ́yìn náà 769 fún àmì òkè. Fọ́ǹtì ni yóò wá gbé àmì náà sórí lẹ́tà kí ojú tó rí i bí ohun kan ṣoṣo.

Ẹnikẹ́ni tó bá wo tábìlì náà yóò rí i pé àwọn ará Vietnam ní tiwọn ní odindi. Lẹ́tà wọn ệ, tó ní àmì lábẹ́ tó tún ní fìlà lórí, ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, 7879. Kí ló dé tí wọ́n fi fún Vietnam tí wọn kò fún wa?

Ìgbìmọ̀ náà ní ìdí tirẹ̀

Ìdáhùn náà wà nínú ìtàn. Nígbà tí wọ́n ń to tábìlì yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ìlànà wọn ni pé kí ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ pẹ̀lú tábìlì àtijọ́ má ṣòfò. Èdè tí àwọn èèyàn rẹ̀ ti wá sídìí tábìlì lásìkò náà pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tiwọn rí ààyè fún lẹ́tà wọn ní odindi. Kò sí ẹni tó gbé irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wá fún ẹ́ àti ọ̀ kí ilẹ̀kùn tó tì.

Ilẹ̀kùn náà sì tì lóòótọ́. Ìgbìmọ̀ náà pinnu pé ọ̀nà tí a ń gbà so lẹ́tà pọ̀ mọ́ àmì gbọ́dọ̀ dúró gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ẹ̀dà 3.1, tó jáde ní 2001. Bí a bá fún ẹ́ ní nọ́ńbà tuntun lónìí, àkọsílẹ̀ tí a ti ṣe lánàá yóò yàtọ̀ sí ti òní, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ni wọ́n. Kọ̀ǹpútà tó ń wá orúkọ kan lè má rí i mọ́. Ìdí yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èmi tí mo ń kọ èyí gbà pé wọ́n jàre níbẹ̀, àti pé a kò gbọ́dọ̀ fi ọdún mẹ́wàá mìíràn tọrọ lẹ́tà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ti sọ pé òun kò ní fúnni.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìpinnu náà ṣe. Bí wọ́n ṣe ní kí a máa so lẹ́tà pọ̀ mọ́ àmì, wọ́n gbé iṣẹ́ kan kúrò lórí tábìlì ìgbìmọ̀, wọ́n sì gbé e lé àwọn tí kò sí níjòókòó lọ́wọ́. Lójú ìgbìmọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Lójú ẹni tó ń ṣe fọ́ọ̀mù fún iléeṣẹ́ kékeré kan, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un pé iṣẹ́ wà níbẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́rin láti kọ lẹ́tà kan

Àpẹẹrẹ kan rèé. Ọ̀nà mẹ́rin ló wà tí kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú ẹ́. Ó lè jẹ́ ẹ pẹ̀lú àmì òkè. Ó lè jẹ́ é pẹ̀lú àmì abẹ́. Ó sì lè jẹ́ e lásán, tí àmì abẹ́ tẹ̀ lé e kí àmì òkè tó dé, tàbí kí àmì òkè ṣáájú. Ìwé ìlànà Unicode sọ ọ́ ní kedere pé ọ̀kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pé kí sọ́fítíwíà kọ́kọ́ sọ wọ́n di irú kan náà kó tó fi wọ́n wéra.

Àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ kì í ṣe é. Ìdí nìyẹn tí ẹ lè fi orúkọ yín sílẹ̀ láti orí fóònù, kí òṣìṣẹ́ wá tẹ orúkọ kan náà láti orí kọ̀ǹpútà, kó sì ní òun kò rí yín nínú ìwé. Àwọn mìíràn ń ka àmì kọ̀ọ̀kan bíi lẹ́tà kan, tí orúkọ gígùn yóò fi kọjá iye tí fọ́ọ̀mù gbà. Àwọn mìíràn lo fọ́ǹtì tí kò mọ ibi tí àmì ń gbé, tí àmì náà yóò fi máa léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà tàbí kó di àpótí òfìfo. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti ẹni tó kọ ọ́ sínú sọ́fítíwíà rẹ̀ pé láti A dé Z nìkan ni orúkọ èèyàn gbọ́dọ̀ ti wá. Kò sí ìgbìmọ̀ tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló rò pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí.

Ṣé iṣẹ́ náà le jù ni?

Àwọn kan yóò ní ó nira láti fi nọ́ńbà méjì ṣe ohun kan. Ẹ mú fóònù yín, kí ẹ wo emoji àtàǹpàkò òkè tó ní àwọ̀ dúdú. Nọ́ńbà méjì ni: ọ̀kan fún àtàǹpàkò, ọ̀kan fún àwọ̀ ara. Ọdún 2015 ni Unicode fi àwọ̀ ara wọ̀nyẹn kún tábìlì, kò sì pẹ́ rárá tí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi mú un ṣiṣẹ́ dáadáa. Emoji ìdílé, tó ní bàbá, ìyá àti ọmọ, lè jẹ́ nọ́ńbà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó ń jáde bí àwòrán kan.

Èrò kan náà ni pẹ̀lú ẹ́. A ti wá mọ̀ pé wọ́n lè ṣe é. Àwọn tó ń ra fóònù béèrè emoji, ojú gbogbo ayé sì wà lára rẹ̀. Nígbà tí àmì orí orúkọ Ẹ̀bùn bá já bọ́ nínú fọ́ọ̀mù ilé ìwosàn, Ẹ̀bùn nìkan ló mọ̀, òun náà á sì yọ àmì kúrò kó lè tètè parí ohun tó wá ṣe. Sọ́fítíwíà náà yóò máa lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìdí tí àtẹ̀jíṣẹ́ àwọn òbí yín kì í fi ní àmì

Ẹ lè ti bi ara yín pé kí ló dé tí àwọn òbí yín, tí wọ́n gbọ́ Yorùbá jù yín lọ, kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ wọn lórí fóònù. Ìgbìmọ̀ mìíràn lọ́wọ́ nínú ìyẹn. Àwọn tó ṣe ìlànà fóònù GSM ní Yúróòpù ṣe àkójọ lẹ́tà kékeré kan fún àtẹ̀jíṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ yín bá wà nínú àkójọ náà, lẹ́tà 160 ni ojú ewé kan gbà. Bí ẹyọ lẹ́tà kan ṣoṣo tí kò sí níbẹ̀ bá wọ inú rẹ̀, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà yóò yí padà, lẹ́tà 70 péré ni ojú ewé kan yóò sì gbà.

À, è, é, ì, ò àti ù wà nínú àkójọ yẹn. Á, í, ó àti ú kò sí. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Ẹni tó bá kọ "Ẹ kú ọjọ́ ìbí" ti bọ́ sí 70 láti orí lẹ́tà àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jẹ́ ojú ewé kan lè di mẹ́ta, ojú ewé kọ̀ọ̀kan ló sì ní owó tirẹ̀. Ẹni tó ń ra káàdì ìpè ní Ìbàdàn yóò ṣírò rẹ̀, yóò sì kọ "E ku ojo ibi." Ìgbìmọ̀ náà kò fi òfin de èdè Yorùbá. Owó ni wọ́n fi lé e lórí láìmọ̀, àwọn tó ń lò ó ló sì ń san án.

Ti pásípọ́ọ̀tù

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ewé tí àwòrán yín wà nínú pásípọ́ọ̀tù. Ìlà méjì wà níbẹ̀ tí ẹ̀rọ ń kà. Ìlànà ICAO, àjọ àgbáyé fún ìrìnnà òfurufú, tí wọ́n ń pè ní Doc 9303, ló sọ pé A sí Z, nọ́ńbà 0 sí 9, àti àmì < nìkan ló lè wà níbẹ̀. Ààyè 39 ló wà fún orúkọ. Torí náà kò sí ibi tí Ọ̀ṣun yóò gbà wọlé, OSUN ni yóò jẹ́, ìyẹn sì lè jẹ́ osùn tí wọ́n ń fi kun ara. Ayọ̀ àti ayò ọlọ́pọ́n di AYO. Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, oko àti òkò, gbogbo wọn di OKO.

Ìlànà yìí ní ìwúlò tirẹ̀, nítorí ẹ̀rọ ní gbogbo ibodè ayé gbọ́dọ̀ lè kà á. Àṣìṣe tó tẹ̀ lé e ni pé ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì mú ohun tí wọ́n ṣe fún ìlà méjì yẹn, wọ́n sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ibi tí orúkọ èèyàn bá ti jáde: káàdì iléèwé, lẹ́tà báǹkì, ìwé ẹ̀rí. ICAO kò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ wọn.

Ilé ẹjọ́ dá sí i

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Brussels ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀m gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà báǹkì kan tí orúkọ rẹ̀ ní àmì. Báǹkì náà kọ̀ láti kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Àlàyé rẹ̀ ni pé sọ́fítíwíà tí òun ń lò, tó ti wà láti 1995, ń lo EBCDIC, tábìlì nọ́ńbà tí IBM gbé jáde ní àwọn ọdún 1960, kò sì lè gba irú àmì bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ kò gbà. Ó ní òfin ààbò détà Yúróòpù fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n tún àkọsílẹ̀ tí kò péye nípa rẹ̀ ṣe, orúkọ tí àmì rẹ̀ sọnù kò péye, ogbó sọ́fítíwíà kì í sì í ṣe àwáwí.

Ẹ kíyè sí i pé ní 2019, Unicode ti pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Kò sí ìgbìmọ̀ tó lè fi ipá mú báǹkì náà lo ohun tó ti wà nílẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tó binú sí bí wọ́n ṣe kọ orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú òfin lọ́wọ́, ló mú un.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2017, àwọn aṣòfin California fọwọ́ sí àbádòfin pé kí ìwé ìbí máa gba àmì orí orúkọ. Gómìnà Jerry Brown kọ̀ ọ́. Ó ní yóò nira, yóò sì ná ìjọba lówó púpọ̀, nígbà tí àwọn àkọsílẹ̀ ìjọba yòókù kò gba àmì. Èèyàn lè bínú sí ìdáhùn yẹn, ṣùgbọ́n ó sọ òótọ́ kan: ẹni tó ṣe ìlànà kọ́ ló ń san owó ìmúṣẹ rẹ̀.

Àwa náà ńkọ́?

Kò yẹ ká máa nàka sí California nìkan. Ilé wa náà ní ìgbìmọ̀. Ní 1875, wọ́n pàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ní 1974, wọ́n fọwọ́ sí ìlànà tuntun tó sọ "aiye" di "ayé," tó sì ní kí a máa kọ ṣ dípò sh. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ẹ wo pátákó ojú ọ̀nà àti máàpù: Ilesha, Oshogbo, Shagamu, Offa, Ogbomosho ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ṣe iṣẹ́ tiwọn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò ní àmì abẹ́, àti ọ́fíìsì tí kò fẹ́ yí ìwé padà, kò tẹ̀ lé wọn.

Ní orílẹ̀-èdè Benin ẹ̀wẹ̀, ìgbìmọ̀ tiwọn ní kí a máa kọ ɛ àti ɔ níbi tí àwa ti ń kọ ẹ àti ọ. Èdè kan náà ni, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ń wá ọ̀rọ̀ kan ní Kétu àti ní Abẹ́òkúta kò mọ̀ pé ọ̀kan ni wọ́n. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà.

Àwọn tó sún mọ́ iṣẹ́ náà ti ń ṣe díẹ̀. YorubaName.com, tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ tó sì bẹ̀rẹ̀ ní 2015, kó orúkọ wa jọ pẹ̀lú àmì wọn, ó sì gbé kíbọọ̀dù ọ̀fẹ́ jáde tí èèyàn lè fi tẹ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà. Kò dúró de ìgbìmọ̀ kankan. Ohun tí ìgbìmọ̀ ti fi sílẹ̀ ló mú lò.

Kí ni ẹ lè ṣe?

Àkọ́kọ́, ẹ má fi àmì sí orúkọ lórí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà nínú ìlà méjì ìsàlẹ̀ pásípọ́ọ̀tù, kí ẹnikẹ́ni má dá yín dúró ní ibodè. Ibẹ̀ kọ́ ni ìjà wà.

Èkejì, bí ẹ bá wà ní Britain, ẹ̀tọ́ àtúnṣe kan náà wà nínú òfin ààbò détà yín, ní abala 16. Ìdájọ́ Brussels kò de ilé ẹjọ́ London, ṣùgbọ́n ẹ lè kọ̀wé sí iléèwé tàbí báǹkì yín pé orúkọ tí wọ́n kọ kò péye. Oṣù kan ni òfin fún wọn láti dáhùn. Lẹ́tà kan kò ní yí báǹkì padà, ṣùgbọ́n wọn kò ní lè sọ mọ́ pé ẹnikẹ́ni kò béèrè.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn kan nínú yín ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, àwọn mìíràn sì ti ń ṣe é jẹun. Ẹ̀yin gan-an ni àwọn tí ìgbìmọ̀ gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe fọ́ọ̀mù, ẹ má kọ ọ́ pé A sí Z nìkan ni orúkọ. Ẹ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di irú kan náà kí ẹ tó fi wọ́n wéra. Bí ẹ bá sì fẹ́ dán sọ́fítíwíà yín wò, ẹ yé fi John Smith dán an wò. Ẹ tẹ orúkọ ìyá àgbà yín sínú rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá yóò jáde bó ṣe wọlé.